Wákàtí Èènì

Òǹkà, ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí iṣẹ́, gbé ìbọ̀wọ́ Ìbídùnní mì, ó sì dákẹ́. Kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìbọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí òṣìṣẹ́ bá ti fi í bọ ẹ̀rọ náà lẹ́nu lójú fèrèsé, iye wákàtí tó ṣe láàárín oṣù á yọ lójú dígí, á gba ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí oṣù ń parí yìí, Òǹkà ń pọ́n ìbọ̀wọ́ náà lá bí àgbà tí kò léyín mọ́ ṣe ń pọ́n eegun lá, àwọn tó tò sẹ́yìn Ìbídùnní sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn obìnrin ni, ohùn tó tutù, irú èyí tí wọ́n fi ń gba àlejò. “Ìbídùnní Ọmọ́yẹlé, ẹ kú iṣẹ́ o. Igba wákàtí ó lé mẹ́tàlélógójì. Ẹ ti gun Àkàsọ̀ Kẹrin. Ẹ kú oríire o.”

Ìbídùnní kò tilẹ̀ gbọ́ oríire. Mẹ́tàlélógójì ló gbọ́. Ó fi ọwọ́ nu ojú dígí náà, bóyá ìdọ̀tí ló bà lé e. Ìdọ̀tí kọ́. Iye náà dúró síbẹ̀.

“Ọ̀gá Láwúyì,” ó ké sí ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Igba ó lé méjìdínlógójì ló yẹ kó jẹ́.”

Láwúyì ni akọ̀wé fèrèsé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó lọ, torí òfin ìlú Ẹ̀yìn-Odi sọ pé níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń bá ọmọ èèyàn sọ̀rọ̀ owó, ẹlẹ́ran-ara kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí wọ́n máa rí bú. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń bú u, ara rẹ̀ sì ti le sí i. Ó wo dígí, ó wo Ìbídùnní, ó rí i pé èèbú kọ́ ni tòní. Ó fa aṣọ bo ojú fèrèsé, ó ní kí àwọn tó kù lọ tò sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Wọlé wá sẹ́yìn,” ó sọ fún un. “Má ṣe sunkún síta. Òǹkà ń ka ìyẹn náà.”

Inú yàrá kékeré kan ni wọ́n jókòó sí, tábìlì kan ló wà láàárín wọn. Ìbídùnní gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì náà. Ó mọ ohun tí Àkàsọ̀ Kẹrin jẹ́. Kò sí ọmọdé ní Ẹ̀yìn-Odi tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ igba wákàtí ó lé ogójì tàbí tó dín sí i lóṣù, Àkàsọ̀ Kẹta ló wà. Tálákà ni, ìjọba sì ń bá a gbé lára ẹrù rẹ̀. Bó bá fi ìṣẹ́jú kan kọjá ìlà yẹn, ó ti di olówó, kó gbé ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni, kí wọ́n tó tún un wò. Ẹrù Ìbídùnní sì ni ìyá rẹ̀, tó wà lórí òkè ní Ilé Èémí, tí ẹ̀rọ ń bá mí láti ọdún méjì sẹ́yìn.

“Mo ṣírò rẹ̀,” ó ní. “A ṣírò rẹ̀ dáadáa, Ọ̀gá. Kò lè kọjá.”

“A?” Láwúyì bi í.

Ìbídùnní fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Lórí odi ni òun àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀, lọ́jọ́ kejì oṣù, nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Odi yẹn ni gbogbo ìlú ń jẹ: òkun wà lápá kan, ilé wà lápá kejì, odi ló là wọ́n. Ojoojúmọ́ ni omi ń họ ọ́, ojoojúmọ́ ni àwọn alákàn, ẹ̀rọ onírin tí ọ̀kan tóbi ju yàrá lọ, ń gun un láti dí ojú ihò. Òṣìṣẹ́ á wọ ìbọ̀wọ́. Bó bá na ìka, alákàn á na ẹsẹ̀. Ìbọ̀wọ́ yẹn náà ló ń ka wákàtí. Ọwọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò kan Òǹkà, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló mọ̀.

Ìbídùnní ti ń fi owó pamọ́ fún ọdún méjì láti ra ẹ̀rọ èémí kékeré, èyí tí wọ́n lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga nílé, kí ìyá rẹ̀ lè kúrò láàárín àwọn tó ń kú lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, kó wá jókòó síwájú ilé ara rẹ̀. Ó ku owó wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, torí wákàtí àti ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ná ọjà ní Ẹ̀yìn-Odi. Ẹni tó ń tà á sì ti sọ pé bí oṣù yìí bá parí, òun á tà á fún ẹlòmíì.

“Ófátáìmù ni,” ni Ìbídùnní wí lọ́jọ́ náà. “Mà á ṣe wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lé e.”

Gbádébọ̀, ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn tó mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ, bú sẹ́rìn-ín. Ó na ìka kan nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, alákàn rẹ̀ sì fi èékánná kọ ọ́ sára sìmẹ́ńtì tútù. “Àǹtí Ìbídùn, ẹ ò tíì san owó orí. Wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìjọba á mú méjì, mẹ́jọ á délé. Láti ibẹ̀ lọ, bẹ́ ẹ bá ṣe méjì, wọ́n á mú ọ̀kan. Kí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó délé, mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ máa ṣe.”

“Mẹ́rìndínláàádọ́ta!” Bàbá Àjàdí, àgbà wọn, pariwo. “Ogún ti ìjọba! Ṣé ìjọba náà á wá gun alákàn ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìbídùnní kò rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gba àlejò ní Ilé Èémí. Bó bá fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ oṣù ṣe ófátáìmù, ta ni yóò máa fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ? Ó béèrè lọ́wọ́ wọn ní gbangba bóyá ó tilẹ̀ tọ́ kí èèyàn fi ìrọ̀lẹ́ màmá rẹ̀ san ogún wákàtí fún ìjọba. Fẹ́hìntọ́lá, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló dá a lóhùn.

“Àáró ni,” Fẹ́hìntọ́lá wí. “Bá a bá fún un lówó, owó orí ẹ̀bùn á jẹ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọwọ́ la máa fún un. Èmi, Bàbá Àjàdí, Gbádébọ̀, àwọn ìbejì. Márùn-ún la jẹ́, mẹ́jọ mẹ́jọ, ogójì nìyẹn. Kí Ìbídùnní fúnra rẹ̀ ṣe mẹ́fà. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ni a máa wọ̀.”

Gbádébọ̀ tún kọ ọ́ sára odi. Iṣẹ́ oṣù jẹ́ igba dín mẹ́jọ. Fi mẹ́rìndínláàádọ́ta kún un, ó di igba ó lé méjìdínlógójì. “Ó ku méjì ká tó dé ìlà,” ó wí, “kò sì gbọdọ̀ lé.” Alákàn rẹ̀ fi sìmẹ́ńtì pa ìṣirò náà rẹ́.

Láti ọjọ́ náà, Ìbídùnní kò bi Òǹkà léèrè iye tó wà nínú ìbọ̀wọ́ òun. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Láti ayé oko ni ìyá rẹ̀ ti jogún un pé ẹni tí wọ́n ń bá ṣe àáró kì í ka ebè. Oúnjẹ ló ń gbé wá, á kí wọn kú iṣẹ́, á sì yíjú sápá ibòmíì. Ẹni tó bá ń ka ebè lẹ́yìn ọ̀rẹ́, ó ti sọ ọ̀rẹ́ di alágbàṣe.

Láwúyì tẹ ojú tábìlì, àwọn ọjọ́ oṣù náà sì tò sórí rẹ̀. Ó kà á sókè láìwo ojú Ìbídùnní. “Ọjọ́ mẹ́ta wà tó o ṣe ófátáìmù méjì méjì. Ìyẹn jọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọjọ́ kẹrin, wákàtí mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kẹtàlá, mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kejìdínlógún, mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kẹtàlélógún, mẹ́sàn-án. Pẹ̀lú mẹ́jọ òòjọ́, mẹ́tàdínlógún lójúmọ́ kan. Èmi ò bi ọ́ ní nǹkan kan o. Ìwọ náà má sọ nǹkan kan fún mi. Etí mi yìí, ti ìjọba ni.”

Mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ ni wọ́n sọ. Ìbídùnní wo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá da omi tútù lu èèyàn. Wọ́n fi èènì sí i. Olúkúlùkù wọn, láìsọ fún ẹnì kejì, wo mẹ́jọ tó ti pé, ó wo ìyá Ìbídùnní tó wà lórí òkè, ó sì ní kí òun bu ọ̀kan lé e. Bí wọ́n ṣe ń ta gààrí nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ta epo nìyẹn. Ta ló ń wọn nǹkan fún ẹni tó fẹ́ràn tí á gé e síbi tó pé? Ó bú sẹ́kún. Ìfẹ́ márùn-ún ló gbé e ré kọjá ìlà, kò sì rí ẹni tó máa bínú sí.

“Ṣé wọn ò lè yọ mẹ́ta péré?” ó béèrè nígbà tó rí ohùn. “Ẹ yọ márùn-ún. Kí ìjọba máa mú un lọ. Mi ò fẹ́ ẹ.”

“Òǹkà kì í gé iṣẹ́ ọjọ́ kan sí méjì. Odindi ọjọ́ ni í gbà, odindi ọjọ́ ni í kọ̀.” Láwúyì tún tẹ ojú tábìlì. “O lè kọ ọjọ́ kan. Wàá sọ pé ìwọ kọ́ lo wọ ìbọ̀wọ́ náà lọ́jọ́ yẹn, pé o ò mọ̀ sí i. Mẹ́sàn-án á kúrò, wàá padà sábẹ́ ìlà. Wọn ò ní fi nǹkan kan ṣe ọ́. Òfin dá ẹni tó bá fẹjọ́ sùn sí.”

“Ẹni tó wọ̀ ọ́ ńkọ́?”

“Odi ní ojú. Wọ́n á wo àwòrán ọjọ́ náà, wọ́n á rí i.” Ó fi àtàǹpàkò nu ẹnu. “Wọ́n á gba ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan odi mọ́ láyé. Ilé ìjọba tó ń gbé náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Bí mo bá wá gbà pé tèmi ni gbogbo rẹ̀?”

“Wọ́n á san owó rẹ fún ọ, o máa ra ohun tó o fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n láti ọ̀la, ìyá rẹ kò ní ibùsùn ọ̀fẹ́ mọ́, kò sì ní ìgò èémí ọ̀fẹ́. Owó ìgò kan jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá rẹ ń fi í mí.”

Kò pọn dandan kí wọ́n pe Gbádébọ̀ wá ṣírò ìyẹn. Ní Àkàsọ̀ Kẹrin, owó orí ń mú mẹ́ta nínú mẹ́jọ òòjọ́. Márùn-ún ló ń délé. Ọjọ́ mẹ́rin, ogún wákàtí. Bí Ìbídùnní kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò sanwó ilé, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin kò ra èémí ọjọ́ mẹ́rin.

“Ọjọ́ kan ṣoṣo, Ìbídùn,” Láwúyì wí jẹ́jẹ́, ó sì dà bíi pé ojú ń ti òun náà. “Ẹnì kan ṣoṣo. Títí agogo mẹ́rin ni mo lè fi aṣọ bo fèrèsé. Lọ ronú.”

Ó gòkè lọ sí Ilé Èémí, ó sì ń ronú ní ọ̀nà, ohun tó rò sì ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Ọjọ́ kẹrin, Fẹ́hìntọ́lá: ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ọjọ́ kẹsàn-án, Gbádébọ̀: ọmọdé ni, ayé rẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú. Àbí torí pé ayé rẹ̀ ṣì pọ̀ ló fi lè fara dà á? Àwọn ìbejì: bí wọ́n bá lé ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹtàlélógún, Bàbá Àjàdí. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sí nílé. Kí ló kù tí bàbá náà máa pàdánù?

Ìbídùnní dúró gbagidi lórí àtẹ̀gùn. Ó ti ń ka èèyàn bí Òǹkà ṣe ń kà wọ́n. Ojú tì í débi pé ó fi etí ìborùn rẹ̀ bojú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Màámi, ìyá rẹ̀, ti di ẹrù rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní ní Ilé Èémí kò ju àpò kan lọ, ó sì ti dì í láti àná, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, odi náà ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi fa eruku sìmẹ́ńtì símú kí wọ́n tó ṣe alákàn. Ọ̀pá èémí wà nímú rẹ̀. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, á dúró de ẹ̀rọ kó tó sọ ẹ̀kẹrin.

“O tètè dé lónìí,” ó wí. “Ó dáa tí wọ́n jẹ́ kó o wọlé kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Àwọn ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tó o fi ófátáìmù pẹ́ yẹn, mi ò lè jẹun. Nọ́ọ̀sì ń bẹ̀ mí, mo ní kó fi mí sílẹ̀.”

“Ẹ má bínú, Màámi.”

“Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé ó ti pé?”

Ìbídùnní la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ bí ọmọ kékeré ṣe ń sọ pé wọ́n na òun níta, kí ìyá lè ní kó má sunkún mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Màámi ni yóò yàn, ó sì mọ ohun tí Màámi máa yàn. Kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ dá ọjọ́ ikú.

“Ó ti pé,” ó wí. “Ó tilẹ̀ lé.”

Màámi di ojú. Ìbídùnní rò pé oorun ni, àfi ìgbà tó rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń gbàdúrà, ó ń dá a dúró, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń fún un ní èémí. “Ọlọ́run, Fẹ́hìntọ́lá tó dá a lábàá. Má jẹ́ kó rí ọ̀ràn ọmọ. Gbádébọ̀. Fún un níyàwó tó gbọ́n jù ú lọ, torí ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù. Táyélolú, Kẹ́hìndé. Má pín wọn níyà. Àjàdí.” Ó dúró níbẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀mejì. “Àjàdí. Má jẹ́ kó ṣubú lórí odi. Ó ti dàgbà.”

“Ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe èyí?” Ìbídùnní béèrè.

“Àáró kọ́ ni? Èmi ò lè lọ bá wọn gun alákàn. Kí ni mo fẹ́ fi san tiwọn?”

Ìbídùnní di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì mọ̀ nígbà náà pé òun ò ní lè dárúkọ ẹnì kankan. Ìrora rẹ̀ kò dín kù torí pé ó mọ̀ ọ́n. Ó pọ̀ sí i. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó bínú sí Ọlọ́run, ó bínú sí ìjọba, ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun kò ka ebè. Ó tilẹ̀ bínú sí Màámi pé ó gbàdúrà sókè.

Agogo kò tíì lù nígbà tó dé ojú fèrèsé. Láwúyì ṣí aṣọ. Kò bi í léèrè. Ojú rẹ̀ ló wò.

“Tèmi ni gbogbo rẹ̀,” Ìbídùnní sọ fún ẹ̀rọ náà. “Ọwọ́ mi ló wà nínú ìbọ̀wọ́.”

“Ẹ kú oríire,” ni Òǹkà dáhùn, ó sì pọ owó ófátáìmù rẹ̀ jáde: méjìdínlọ́gbọ̀n àbọ̀. Nínú wákàtí márùn-ún tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe èènì, méjì àbọ̀ ló délé. Ìyókù lọ bá ìjọba.

Lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹgbẹ́ wọn kì í gun odi, Màámi jókòó síwájú ilé rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré náà sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì pariwo ju ológbò tó ń sùn lọ. Òkun kò ṣeé rí látibẹ̀, odi ló bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbọ́. Ìgò èémí mẹ́fà ló tò sí ẹnu ọ̀nà. Mẹ́rin jẹ́ ìyókù ti oṣù tó kọjá, tí òfin kò rí gbà padà; Ìbídùnní ti fi owó oúnjẹ àti owó ilé ra méjì. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Ó ti kà wọ́n débi pé kò kà wọ́n mọ́.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló wá kí wọn. Fẹ́hìntọ́lá ro pupuru, àwọn ìbejì gbé ẹja wá, Bàbá Àjàdí wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ sílé ìgbéyàwó. Màámi ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ kan ojú wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti dúró de ẹ̀rọ, ìkọ́ sì gbé e lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Àjàdí ni ò lè pa á mọ́ra. “Ìyá wa,” ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò, “wọ́n ní mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án ni mo ṣe. Mo fi ọ̀kan ṣe èènì fún yín, mi ò sọ fún Fẹ́hìntọ́lá.”

“Ẹ̀yin náà!” Gbádébọ̀ ké. “Èmi náà ṣe mẹ́sàn-án!”

Táyélolú wo Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé wo ilẹ̀. Fẹ́hìntọ́lá fi orógùn bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó mọ́ níbẹ̀, ẹ̀rín bú jáde, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká, wọ́n ń pe ara wọn ní olè. Màámi náà ń rẹ́rìn-ín láìlóhùn.

“Ẹ dúró ná,” ni Gbádébọ̀ wí, ó ń fi ìka kà á, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. “Mẹ́sàn-án lọ́nà márùn-ún, márùndínláàádọ́ta. Mẹ́fà ti Àǹtí Ìbídùn, mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹ fi kún igba dín mẹ́jọ…”

Ìka rẹ̀ dúró sókè. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo Ìbídùnní, Fẹ́hìntọ́lá wo Ìbídùnní, kò sì pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń wò ó. Bàbá Àjàdí ti gbé ọwọ́ lé orí.

“Mi ò ṣe mẹ́fà tèmi,” ni Ìbídùnní wí.

Gbádébọ̀ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ó rẹ̀ mí. Mo ń sọ fún yín pé mo ń ṣe é, mi ò ṣe é. Ojú ló ń tì mí. Igba ó lé mẹ́tàdínlógójì ni Òǹkà kà fún mi. Ó ku mẹ́ta ká tó dé ìlà.”

Gbádébọ̀ fi ìka tún un kà, ó pé. Ó tú èémí. “Àǹtí, ọ̀lẹ ni yín!”

“Ọlọ́run ló fi ọ̀lẹ yẹn ṣe é!” Bàbá Àjàdí pariwo, omi ti wà lójú rẹ̀. “Ká ní o lápá ni, a ti pa màmá ẹ!” Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fẹ́hìntọ́lá fi orógùn gbá Ìbídùnní nídìí, ó ní ẹni tí wọ́n ń ṣe àáró fún ló ń sùn.

Màámi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí odi kí wọ́n tó bí Gbádébọ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ níbi tí ìlà wà. Ó ń wo ọmọ rẹ̀, ọmọ tó pẹ́ kó tó dé Ilé Èémí ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta pẹ̀lú sìmẹ́ńtì nínú ìpéǹpéjú. Ó wò ó pẹ́. Ìbídùnní gbìyànjú láti gbójú kúrò, kò lè gbé e. Lẹ́yìn náà Màámi wo ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yí bọ́tìnnì èémí náà láti orí mẹ́rin sí orí mẹ́ta. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

“Fẹ́hìntọ́lá,” ó wí, ó dúró, ó mí. “Bu pupuru sí i fún Àjàdí. Abọ́ rẹ̀ ti ṣófo.”